Ẹran Bíbọ̀ àti Kárọ́ọ̀tì: Orin Apanilẹ́rìn-ín Àwọn Òṣìṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń kọrin nípa ṣàkì? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan fi irú orin bẹ́ẹ̀ jẹun. Harry Champion ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé William Crump ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́. Ó kọrin nípa ṣàkì gbígbóná tòun àlùbọ́sà, ó kọ nípa páì ẹlẹ́ran, sọ́séèjì àti ẹsẹ̀ ẹran, ó tún kọ nípa kùkúńbà. Kíákíá ló sì máa ń kọrin, bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú orin oúnjẹ rẹ̀ ni "Boiled Beef and Carrots", tí Charles Collins àti Fred Murray ṣe lọ́dún 1909. Ẹran màlúù oníyọ̀ tí wọ́n bọ̀ pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, ó parí. Kò sí ìfẹ́ níbẹ̀, kò sí ogun.

Music hall ni wọ́n ń pe ilé tí wọ́n ti ń kọ irú orin yìí, ìdí ọtí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1852, Charles Morton kọ́ gbọ̀ngàn kan mọ́ ilé ọtí rẹ̀ ní Lambeth, ó pè é ní Canterbury Hall. Àwọn èèyàn á jókòó ti tábìlì, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa mu, olórin á sì máa dá wọn lára yá. Nígbà tó fi máa di ayé Champion, àga tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ti rọ́pò tábìlì ní ọ̀pọ̀ ibi. Àmọ́ gbogbo ilé ló ṣì ń gbe ègbè.

Lambeth yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Lọ́dún 1909 yẹn gan-an, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Fabian bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ àwọn ìyá ibẹ̀ lọ, kí wọ́n lè mọ bí ìdílé ṣe ń fi nǹkan bíi pọ́n-ùn kan gbé ọ̀sẹ̀. Maud Pember Reeves kọ ọ́ sínú ìwé *Round About a Pound a Week* lọ́dún 1913. Wọn kì í ṣe tálákà paraku o! Àwọn ọkọ wọn níṣẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, búrẹ́dì ni oúnjẹ ojoojúmọ́. Bàbá ló ni ẹran, torí òun ló ń lọ síṣẹ́, ọjọ́ Sunday ni wọ́n sì máa ń se oúnjẹ gidi.

Àwọn kan lè sọ pé ṣe ni Champion ń fi tálákà ṣe yẹ̀yẹ́. A ò gbà. Àwọn tó ń gbe ègbè náà mọ iye tí ẹran jẹ́. Àwọn tí kì í jẹ ẹran, tí wọ́n ń jẹ ewé, ni orin náà ń bú. Onímọ̀ràn sì pọ̀ nígbà yẹn: kí ló dé tí àwọn ìyá Lambeth ò se ọ́ọ̀tì fún ọmọ wọn, ṣebí kò wọ́n? Pember Reeves dáhùn: mílíìkì àti ṣúgà ò tó, ìkòkò tó ti gbó ń jó o, àwọn ọmọ ò sì lè gbé e mì.

Ohun kan ṣá ń dùn wá. Ọkùnrin ló ń kọrin, ikùn ọkùnrin ló sì ń kọrin fún. Ìyá ló ra ẹran yẹn, òun ló sè é, òun ló pín in, òun náà ló sì ń jẹ kẹ́yìn. A ò tíì gbọ́ orin Champion kankan tó kọ ìyẹn.