Ọ̀run Oníràwọ̀ Nínú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọdé

Ní ọdún 1957, wọ́n pe Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, wá wo ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì. Jẹjẹrẹ inú ẹran tàbí egungun ni ó pè é nínú ìwé rẹ̀ ti 1958.

Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni ó tú àṣírí. Nígbà tí wọ́n pa ègé kókó náà láró, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni wọ́n rí, ó ṣú bí ọ̀run òru. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tí ń gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì sì mọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀ bí ìràwọ̀. Ọ̀run oníràwọ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣì ń pè é.

Kì í ṣe àríyànjiyàn orúkọ lásán o. Abẹ kì í sábà gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Oògùn ni jẹjẹrẹ náà ń gbọ́. Nígbà tí Burkitt yí sí oògùn, kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ kan súnkì láàárín ọjọ́ díẹ̀.