Boundary Kò Dá A Dúró: Ìtàn Ìgbẹ́ Gbuuru Ọmọdé ní Apapa àti Ajegunle

Ẹni tó bá dé Boundary, níbi tí Apapa àti Ajegunle ti pààlà, yóò rí ìlú méjì. Ní apá kan, èbúté àti àdúgbò tí ìjọba amúnisìn fètò sí. Ní apá kejì, ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìdọ̀tí gọ́tà Ajegunle nìkan ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Ìtàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1973, ní Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Ruth Bishop àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi máíkírósíkóòpù alágbára wo ìfun àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n rí kòkòrò róbótó kan. Nígbà tó yá, a sọ ọ́ ní rotavirus, torí pé kẹ̀kẹ́ ni rota ní èdè Látìn. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o kó tó pé ọdún 5, ìbáà jẹ́ ní London tàbí ní Ajegunle. Omi mímọ́ nìkan kò lè dá a dúró. Ikú ló yàtọ̀: ọmọ tó bá tètè rí omi mu àti ìtọ́jú gbà ló sábà máa ń yè é.

Kí ló dé tí kì í ṣe àgbàlagbà bí ọmọdé? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ara náà ń rántí. Ìwádìí kan tó jáde ní 1996 tẹ̀lé ọmọ 200 ní Mexico láti ìgbà ìbí títí wọ́n fi pé ọdún 2. Ọmọ tó ti kó kòkòrò náà lẹ́ẹ̀mejì kò tún yàgbẹ́ gbuuru tó le mọ́ nítorí rẹ̀. Àkókọ́ ló léwu jù, nígbà tí ààbò tí ìyá fún ọmọ bá ń tán lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni eyín ń hù. Abájọ tí àwọn ìyá wa fi ń dá eyín lẹ́bi!

Ọ̀nà àbáyọ kìíní ni dídá omi padà sára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, polongo omi oníyọ̀ àti ṣúgà dé inú ilé. Ìkejì ni àjẹsára. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan ní 2006. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè lò ó ní 2009. Oṣù kẹjọ 2022 ni Nàìjíríà tó fi í kún àjẹsára ọ̀fẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó lówó ló ń rà á ní ilé ìwòsàn aládàáni. Boundary kò dá kòkòrò dúró, àjẹsára ló dá dúró.

Síbẹ̀, àjẹsára nìkan kò tó. Àbájáde ìwádìí tó jáde ní 2010 fi hàn pé ó dènà èyí tó le ní ìdá 77 nínú 100 ní South Africa, àmọ́ ìdá 49 péré ní Malawi. Ara ohun tí àwọn onímọ̀ fura sí ni àwọn kòkòrò mìíràn tó ti kún ìfun ọmọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gọ́tà ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ púpọ̀ ti ń kú, ìdajì kì í ṣe kékeré.

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé à-jẹ-sí-ara ni àjẹsára. Abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n ń kán èyí sí, láti ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín tó ń tọ́mọ lọ́wọ́.