Kámẹ́rà Ayíjú: Ọ̀rọ̀ Wo La Ó Fi Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tó ń yíjú fúnra rẹ̀ yóò bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta lára páálí rẹ̀: pan, tilt àti zoom. Ọ̀pọ̀ wa á ní “ó ń rìn”, a ó sì sanwó. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí kò bá lè dárúkọ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè béèrè èyí tí ọjà náà kò ní.

Orúkọ ẹ̀rọ náà kọ́ ló le. “Kámẹ́rà” ti di tiwa, kò sídìí láti lé e lọ. Ṣùgbọ́n “kámẹ́rà onímọ́tò” kò ní bá a lọ, nítorí ọkọ̀ là ń pè ní mọ́tò, ẹni tó sì ni ọkọ̀ ni onímọ́tò. Ohun tó ń ṣe ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ: kámẹ́rà ayíjú.

Pan ni kó yíjú sọ́tùn-ún sósì: ìyíjú. Tilt ni kó gbójú sókè tàbí kó wolẹ̀. A kò lè gé èyí kúrú sí “ìgbójú”, torí ìgboyà nìyẹn. “Ìgbójúsókè” ló yè kooro. Ẹ wo QuickCam Orbit AF tí Logitech gbé jáde lọ́dún 2007. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ká dígírì 189 láti ọ̀tún dé òsì, àti 102 láti òkè dé ilẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ibi tójú rẹ̀ ká lẹ́yìn tó bá ti yíjú tán nìyẹn. Ibi tójú rẹ̀ ká ní ìdúró kan kéré sí i dáadáa. Nítorí náà, ìbéèrè méjì la nílò: mélòó ló ká láìyíjú, mélòó ló ká bó bá yíjú?

Zoom ló ń tanni jẹ jù. Bí awò ojú kámẹ́rà bá fa nǹkan mọ́ra lóòótọ́, ìsúnmọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé àárín àwòrán ni wọ́n gé, tí wọ́n wá mú un fẹ̀, ìmúfẹ̀ ni. Ọbẹ̀ tí a bu omi sí pọ̀ sí i, kò dùn sí i. Insta360 Link, tó jáde lọ́dún 2022, ń yí ọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlọ́po 4 tí wọ́n kọ sí i lára, ìmúfẹ̀ ni, kì í ṣe ìsúnmọ́.

Tracking náà ń fẹ́ ìtúpalẹ̀. “Ìtẹ̀lé” lè dà bí ìgbọràn. “Ìfojúsìn” ló bá a mu, nítorí ojú ni ẹ̀rọ náà fi ń sin èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n Center Stage tí Apple gbé dé lọ́dún 2021 ń ṣe bíi pé ó ń fojú sìn, láìyíjú rárá: awò rẹ̀ gbòòrò, ó kàn ń gé apá ibi tí èèyàn wà ni. Ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì lè má nílò ju èyí lọ. Olùkọ́ tó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú pátákó ni ọrùn tó ń yí wúlò fún. Kí òun náà dán an wò pẹ̀lú máíkì, kó gbọ́ bóyá ọrùn náà ń kùn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti fi Èdè-Ìperí Yorùbá lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀. Fún ọjà orí tábìlì, èmi yóò ní ká yá orúkọ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ tiwa, torí òun la fi ń yẹ ọjà wò. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: bí a kò bá lo Insta360 Link yẹn mọ́, yóò sorí kọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní ààbò àṣírí ni. Ẹ má ṣe pe èyí ní ìdijú. Kámẹ́rà tó sorí kọ́ kò tíì dijú, máíkì rẹ̀ sì lè ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dijú, kó yọ wáyà rẹ̀.