Ṣé ó yẹ kí ẹ ra thermostat tó ń gba àṣẹ láti orí fóònù? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó

Ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ti ilẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n á sì wọ bàálù wá sí Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu láti bá ẹbí ṣe ọdún. Àsìkò náà gan-an ni òtútù ń le sí i níbi tí wọ́n ti kúrò. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná pátápátá, omi inú páìpù lè dì, kí páìpù sì bẹ́. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, owó gáàsì á máa lọ lórí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra thermostat ìgbàlódé, tí ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta lè fi fóònù darí láti mú yàrá kan ní Manchester gbóná tàbí kó jẹ́ kí ó tutù. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ilé ni ó yẹ fún? Ta ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ta sì ni ó kàn ń fi owó ṣòfò?

Kí ni iṣẹ́ thermostat gan-an?

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ílà tó ń lo gáàsì ló ń mú omi gbóná. Omi náà á gba inú páìpù lọ sínú àwọn rédíétọ̀, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, láti ibẹ̀ ni ooru ti ń tàn ká inú yàrá. Thermostat ni ẹ̀rọ kékeré tó ń wo bí yàrá ṣe gbóná tó. Bí ooru bá lọ sílẹ̀ ju iye tí ẹ yàn lọ, á pàṣẹ fún bọ́ílà pé kó ṣiṣẹ́. Bí yàrá bá ti gbóná dé iye náà, á ní kó sinmi.

Èyí túmọ̀ sí pé thermostat kì í ṣe orísun ooru, kò sì sọ gáàsì di ọ̀pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ẹ bá yí i sí 28°C nítorí pé òtútù ń mú yín, yàrá kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ yára gbóná ju ìgbà tí ẹ yí i sí 20°C lọ. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́ílà á pẹ́ kó tó dákẹ́, owó á sì máa lọ.

Èrò dídarí ooru láti òkèèrè ti pẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ní ọdún 1883, Warren Johnson, tó jẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ oníná mànàmáná kan tó ń ta òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lólobó nígbà tí ooru kíláàsì bá ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, òṣìṣẹ́ ọ̀hún ní láti máa wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti wo bí ó ṣe gbóná tó.

Ohun tó jẹ́ tuntun lónìí ni pé ẹ̀rọ ara ògiri ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nest, tó dé ọjà ní ọdún 2011, wà lára àwọn tó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Google ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2014 ní 3.2 bílíọ̀nù dọ́là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hive tó jẹ́ ti British Gas, àti tado tó wá láti Jámánì, wà lára àwọn tí àwọn èèyàn mọ̀ dáadáa. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ lè mọ̀ láti ara fóònù pé gbogbo ará ilé ti jáde, kí wọ́n sì dín ooru kù fúnra wọn.

Ṣé lóòótọ́ ló ń dín owó kù?

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru inú ilé àti òtútù ìta bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe ń sá jáde gba ara ògiri, òrùlé àti fèrèsé. Nítorí náà, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ilé fi gbóná láìsí èèyàn nínú rẹ̀ jẹ́ òfò. Irú òfò bẹ́ẹ̀ nìkan ni thermostat ìgbàlódé lè gbà padà. Ibi tí òfò kò bá sí, kò sí ohun tí ó máa gbà padà.

Ní Amẹ́ríkà, ètò Energy Star tó jẹ́ ti ìjọba fi hàn pé thermostat tí wọ́n fọwọ́ sí ń dín nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 kù nínú owó tí àwọn èèyàn ń ná lórí ooru àti amúlétutù, tí a bá pín in dọ́gba láàárín gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe ìṣirò. Bí ìdílé kan bá ń ná 700 pọ́ùn lórí ooru lọ́dún, ìdá 8 nínú rẹ̀ jẹ́ 56 pọ́ùn. Bí ẹ̀rọ àti owó oníṣẹ́ bá jẹ́ 200 pọ́ùn, ó máa tó ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ kí owó náà tó padà sápò wọn.

Ṣùgbọ́n iye tí ó pín kárí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Ẹni tí tàímà wà lára bọ́ílà rẹ̀, tó ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, tó ń jáde ní aago méje àárọ̀ tó sì ń wọlé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, lè má rí ju pọ́ùn mélòó kan lọ lọ́dún. Bákan náà ni ìdílé tí èèyàn kì í tán nínú ilé láti àárọ̀ di alẹ́.

Àwọn kan gbà pé ó sàn kí ooru máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ju kí a pa á ká tún tàn án lọ. Ní ilé tó ń lo bọ́ílà gáàsì, èyí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé tó gbóná ní gbogbo ọjọ́ ń pàdánù ooru ní gbogbo ọjọ́. Ilé tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta ló yàtọ̀: omi tí kò gbóná púpọ̀, tó ń lọ káàkiri fún wákàtí gígùn, ni irú ẹ̀rọ yẹn fẹ́, nítorí náà kò dára kí a máa pa á ká tún máa tàn án lemọ́lemọ́.

Ohun tí ẹ lè kọ́kọ́ ṣe láìra ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ bọ́ílà òde òní ni wọ́n ṣe láti gba ooru tó wà nínú èéfín wọn padà. Ṣùgbọ́n kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa, omi tó ń ti rédíétọ̀ padà bọ̀ gbọ́dọ̀ tutù tó nǹkan bí 55°C tàbí kí ó dín sí i. Ní ọ̀pọ̀ ilé, omi tí bọ́ílà ń rán jáde ti gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dín in kù sí nǹkan bí 60°C, gáàsì tí ẹ ń lò á dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá á pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná. Ìkìlọ̀ kan wà: bí ilé yín bá ní táǹkì tí wọ́n ń tọ́jú omi gbígbóná sí, ẹ bi oníṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí omi inú táǹkì tí kò gbóná tó lè fa kòkòrò àìsàn.

Ẹ tún lè yí fáàfù ara rédíétọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, kí ẹ sì dí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀, èrè wọn sì máa ń tètè hàn.

Àwọn wo ni ó wúlò fún jù?

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí wákàtí iṣẹ́ wọn kì í dúró sójú kan, bí nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òru lónìí, tí wọ́n ń ṣe ti àárọ̀ lọ́tùn-ún. Tàímà lásán kò lè bá irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ mu. Bí wọ́n bá ti ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ nílé, wọ́n lè fi fóònù pàṣẹ kí yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Àwọn kejì ni àwọn arìnrìn-àjò tí a fi bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ní ètò tó ń dáàbò bo páìpù, tí kì í jẹ́ kí ooru ilé lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 5°C lọ. Thermostat àtijọ́ náà sábà máa ń ní irú ètò yìí. Ohun tí tuntun fi jù ú ni pé ẹ ó rí i láti òkèèrè bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ó sì lè bẹ aládùúgbò tó ní kọ́kọ́rọ́ yín pé kó lọ wò ó.

Àwọn kẹta ni àwọn tí òbí wọn tó ti dàgbà ń dá gbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dá a lámọ̀ràn ní ọdún 2018 pé ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú, kí ooru inú ilé má dín ní 18°C nígbà òtútù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa sọ lórí fóònù pé “mo wà dáadáa” nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti pa ooru kó lè ṣọ́ owó ná. Ọmọ tó bá rí i lórí áàpù pé yàrá màmá ti wà ní 14°C láti àná mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí a ń fi ẹnu sọ.

Ibi tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé áàpù ló ni agbára lórí ooru ilé. Ọkọ tàbí aya tó ti kó jáde ṣì lè máa mú ilé tutù láti ibi tó wà bí ẹnikẹ́ni kò bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2015 ti sọ fífi ìwà ìjẹgàba dẹ́rù ba ẹni tí a jọ ń fẹ́ra tàbí ará ilé ẹni di ẹ̀ṣẹ̀, irú ìlò ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì lè wà lára ẹ̀rí. Màmá tí ẹ̀rọ wà nílé rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ ń wò ó, kó gbà bẹ́ẹ̀, kó sì lè yí ooru fúnra rẹ̀ lára ògiri.

Èkejì ni pé ẹ̀rọ lè pẹ́ lára ògiri ju bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Google dá ìtọ́jú dúró fún àwọn thermostat Nest àkọ́kọ́ àti ìran kejì wọn. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ògiri, ṣùgbọ́n áàpù kò lè darí wọn mọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, ọdún 2024 ní kí àwọn tó ń ṣe ohun èlò tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì sọ iye àkókò tí wọn yóò fi máa fún un ní àtúnṣe ààbò, ó sì fòfin de ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó rọrùn láti mọ̀. Ẹ wá gbólóhùn náà kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó ra á, ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí

• Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ gba àṣẹ onílé lákọ̀ọ́kọ́. Ilé tí ooru rẹ̀ ń wá láti ibi kan náà fún gbogbo ilé, tàbí tó ń lo ẹ̀rọ oníná tó ń kó ooru pamọ́ lóru, lè má gba irú thermostat yìí rárá.

• Ẹ má gba ẹ̀bùn thermostat láti Amẹ́ríkà láìbéèrè. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún iná 24 fóòtì, nígbà tí wáyà bọ́ílà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gbé 230 fóòtì.

• Oníṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Gas Safe Register nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ohun tó jẹ mọ́ gáàsì.

• Bí mítà yín bá jẹ́ èyí tí a ń sanwó sí ṣáájú, ẹ rántí pé áàpù kò lè tan bọ́ílà tí owó gáàsì rẹ̀ ti tán. Owó ojoojúmọ́ tí mítà ń yọ kò dúró bí ẹ tilẹ̀ rin ìrìn-àjò, nítorí náà ẹ fi owó tó tó sí i kí ẹ tó lọ.

• Ẹ wádìí bóyá ẹ̀rọ náà á máa tẹ̀ lé ètò rẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá já, àti bóyá ẹ ó máa san owó oṣooṣù lórí áàpù.

Kí ni ìpinnu?

Bí ilé yín bá máa ń ṣófo ní àkókò tí ẹ kò lè sọ tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò nígbà òtútù, tàbí bí àgbàlagbà kan bá wà tí ẹ fẹ́ máa fojú tó ooru yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀, owó náà lè tó ná. Bí ìgbé ayé yín bá wà létòlétò, tí tàímà yín sì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ dín ooru omi bọ́ílà kù, kí ẹ sì dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ra á, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè fi fóònù darí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹni tó ń gbé inú ilé, tí òtútù ń mú, ló yẹ kó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí bí ilé ṣe máa gbóná tó.