Ta Ló Yan Ìbọn fún Ọdẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú rẹ̀ kọ òun? Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lẹ́yìn ìbọn náà ńkọ́? Òun náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀, pàápàá bí ìbọn ọ̀hún bá jẹ́ tuntun. Ìbọn tí a kò tíì dán wò lè pa ẹran, ó sì lè já ọwọ́ ẹni tó yìn ín dà nù. Ìdí nìyí tí ríra ìbọn àkọ́kọ́ kò fi jọ ríra àdá tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn baba wa létí òkun Àgbádárìgì ṣe ń yan ìbọn, bí wọ́n ṣe ń lò ó títí tó fi ń mọ́ wọn lọ́wọ́, àti ẹni tó ti bá wọn yàn án kí àwọn tiẹ̀ tó dé ọjà.

Ikoga wà ní agbègbè Àgbádárìgì, lọ́nà ibi tí odò Yewa ń gbà ṣàn wọ inú ọ̀sà. Ègùn àti Àwórì ló ń gbé ilẹ̀ náà, iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n sì mọ̀. Láyé ìgbà tí kò sí títì, omi ni ọ̀nà. Ohun tí ọkọ̀ òyìnbó bá já sí èbúté Àgbádárìgì, inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni yóò bọ́ sí, yóò sì gba ojú omi lọ sí ilẹ̀ Ìpókíá àti òkè odò lọ́hùn-ún. Aṣọ ń bẹ nínú ẹrù náà, ọtí líle ń bẹ níbẹ̀, tábà àti owó ẹyọ ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀tù àti ìbọn náà ò gbẹ́yìn.

Kí ni wọ́n fi ń ra ìbọn? Ká má fi dúdú pe funfun: láàárín ọdún 1700 sí 1800 àti lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn ni. Ìlú tó bá ní ìbọn á kó ìlú tí kò ní, á tà wọ́n, á sì fi owó wọn ra ìbọn sí i. Ẹni tí kò ní ìbọn ni wọ́n fi ń ra ìbọn. Nítorí náà, kì í ṣe fáàrí ló ń mú ìlú kan wá ìbọn nígbà náà, ẹ̀rù ni. Bí aládùúgbò rẹ bá ní in tí ìwọ kò ní, o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Ṣakabùlà ni ìbọn náà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Dane gun. Ẹnu ni a ti ń kì í. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, a ó sọ ọta sí i, a ó tún gún un. Òkúta akọ ló ń ṣá iná sí ẹ̀tù ìdí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n sì dìídì rọ ọ́ fún ọjà Áfíríkà, ní ọ̀pọ̀ yanturu, ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀sùn pọ̀ pé ọ̀pá àwọn kan kò gba agbára ẹ̀tù, pé wọ́n ń bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ọdún 1813 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kún agbára àyẹ̀wò: wọ́n dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti ń ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá ìbọn, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí èyí tó bá yè é.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ìbọn létí ọ̀sà kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó mọ̀ pé oníbàárà Áfíríkà máa ń kọ ọjà tí kò bá wù ú, irú ìbọn tó bá sì ti mọ́ ọn lára ni yóò béèrè. Ọdẹ tó gbọ́n á wo inú ọ̀pá bóyá ó là tàbí ó tẹ̀. Á fa apátí sẹ́yìn, á sì wò ó bóyá òkúta ń ta iná gidi. Á gbé e lé èjìká, kó lè mọ̀ bóyá ó ti wúwo jù síwájú.

Rírà tán kọ́ ni lílò. Ìyìn àkọ́kọ́, ọlọ́gbọ́n kì í gbé e sí ojú. Á so ó mọ́ igi, á so okùn mọ́ apátí, á dúró lókèèrè, á sì fà á. Bí ìbọn bá yè é, ó di ti Ògún: obì, epo, àti ajá bí agbára bá gbé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná á kọ́kọ́ bù yẹ̀rì nítòsí ojú ọdẹ, ìbọn á sinmi díẹ̀, kó tó dún. Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ṣẹ́jú tàbí tó fà sẹ́yìn ti ṣìnà. Bí òjò bá sì fọwọ́ kan ẹ̀tù, ìbọn di igi lásán. Ọta kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí ẹran kò bá kú, ọdẹ kò ní àyè láti tún un kì. Nítorí náà ó ní láti sún mọ́ ẹran, kó sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Irú ìbọn báyìí ni Abẹ́òkúta fi dojú kọ ogun Dàhòmì ní oṣù kẹta ọdún 1851, Àgbádárìgì sì ni ẹnu ọ̀nà Ẹ̀gbá sí òkun láyé ọjọ́un. Láàárín ogun Kírìjì, tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, ìbọn mìíràn dé, èyí tí a ń kì láti ìdí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló bá àwọn ará ilé wá a, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò sì lọ sí bùdó ogun lọ kọ́ àwọn yòókù. Ìbàdàn tó ti ń fi ṣakabùlà jagun rí i pé ọta ń dé láti ibi tí tiwọn kò lè dé. Àwọn náà wá tiwọn. Orúkọ ogun náà gan-an, ìró ìbọn ni wọ́n ní ó ti wá.

Kí ló dé tí ìbọn tuntun yìí kò wá gba ọwọ́ gbogbo ọdẹ wa? Òwò kọ́ ló dá a dúró. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ní yóò fòpin sí òwò ẹrú. Nínú ìwé yẹn kan náà, wọ́n fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta akọ. Àwọn ọmọ ogun tiwọn ńkọ́? Ìbọn ìgbàlódé ni wọ́n gbé wọ ilẹ̀ wa. Ìjẹ̀bú rí i ní 1892. Àwọn tó ń ta ìbọn fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ ló wá yan èyí tí a lè ní.

Ẹ wá wo bí ẹlòmíràn ṣe ń yan ìbọn fún ara rẹ̀. Ọmọ ìlú ńlá òde òní, bó bá gbọ́ ìbọn, ìbọn ìléwọ́ ló ń wá sí i lọ́kàn. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jagun ní ilẹ̀ Philippines, àwọn ọmọ ogun wọn ráhùn pé ọta ìbọn ìléwọ́ àwọn kéré, pé ó ń wọ ara ọ̀tá, ọ̀tá ò sì dúró. Ní 1904, àwọn ọ̀gá ológun kan dán oríṣiríṣi ọta wò, wọ́n ní kí ọta tuntun má ṣe kéré sí ti .45. Wọ́n pe àwọn tó ń rọ ìbọn, wọ́n ń dán tiwọn wò fún ọdún bíi mélòó kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1911, wọ́n yin èyí tí John Browning ṣe fún ilé iṣẹ́ Colt nígbà 6,000. Bó bá gbóná jù, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á tún máa yìn ín lọ. Kò kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n gbà á fún àwọn ọmọ ogun.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìyìn, kí sójà kan tó gbé e! Ọdẹ tiwa, okùn àti igi ni ilé ìdánwò rẹ̀. Bí ìbọn bá bẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ ló lọ.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́, tó fi mọ́ ti ayé àtijọ́ olókùúta, wà lára àwọn tí a kà léèwọ̀, àyàfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ òyìnbó wà ní ìpele kejì. Ṣakabùlà ló wà ní ìpele kẹta, òun náà kò sì ṣeé gbé láìsí ìwé àṣẹ. Òfin yìí dára lójú tèmi, nítorí a ti rí ohun tí ìbọn ìléwọ́ ń ṣe lọ́wọ́ àwọn adigunjalè. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká lọ́nà oko, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín pé ayé ti fi í sílẹ̀. Ìbọn tó kù fún un nìyẹn lẹ́yìn tí àwọn ẹlòmíràn ti yan tiwọn. Òun àti àwọn baba rẹ̀ ni wọ́n dúró nídìí rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn dán an wò, títí ó fi gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.