Zstandard nínú GNU tar

GNU tar jẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ń fi àṣẹ títẹ̀ lò láti kó ọ̀pọ̀ fáìlì jọ sínú ẹyọ kan. Kì í fún fáìlì pọ̀ fúnra rẹ̀. Gzip, xz tàbí ètò mìíràn ni ó ń bẹ̀ níṣẹ́ náà.

Yann Collet ni ó ṣẹ̀dá Zstandard (zstd), Facebook sì gbé ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. GNU tar 1.31, tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, ni ó kọ́kọ́ ní àṣẹ `--zstd`. Ní ìparí ọdún náà, Arch Linux fi zstd rọ́pò xz: àwọn àkójọ rẹ̀ fi nǹkan bí 0.8% tóbi sí i, ṣùgbọ́n ìyára títú wọn fi nǹkan bí 1300% lé sí i. Èrè náà ju àdánù rẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tar àtijọ́ kò mọ `--zstd`, tar tuntun pàápàá kò sì lè ṣí fáìlì `.tar.zst` lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò zstd. Bí zstd bá wà, tí tar sì jẹ́ ti àtijọ́, àṣẹ yìí yóò tú u:

`zstd -dc fáìlì.tar.zst | tar xf -`