Ọjọ́ Kẹta Lẹ́yìn Aṣọ Oníná: Ewu EMS fún Iṣan Eléré Ìdárayá ní Ọ̀tà

Bí eléré bá ń sáré, àwọn fọ́nrán iṣan rẹ̀ máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: àwọn kan á fà, àwọn kan á sinmi. Bó bá sì rẹ̀ ẹ́, á dúró. Aṣọ oníná tí wọ́n ń pè ní EMS kò mọ ìsinmi yẹn. Iná inú rẹ̀ máa ń gba awọ ara wọlé, á sì máa fa àwọn fọ́nrán kan náà léraléra, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò mi ni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ téèyàn bá wọ̀ ọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, pàápàá fún irú ara tí a ní ní Sàngó-Ọ̀tà.

Ní 2015, Kemmler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Erlangen, Jámánì, gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 26 tí ara wọn le, tí wọn kò wọ aṣọ náà rí. Creatine kinase, tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan bá bàjẹ́, fò sókè ní ìlọ́po 117, ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin ló sì dé góńgó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n, ó rọlẹ̀ púpọ̀. Kíndìnrín, tó ń sẹ́ ìdọ̀tí iṣan tó bàjẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kò bàjẹ́ lára ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà á sì fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Àmọ́ lásìkò kan náà, àwọn dókítà Jámánì kọ nípa ọ̀dọ́kùnrin méjì tí iṣan wọn bàjẹ́ gidigidi lẹ́yìn EMS. Agbábọ́ọ̀lù tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ni wọ́n o, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹni tó fi gbogbo òru dúró ti iná ìléru nílé iṣẹ́ irin l'Ọ́tà, tí òógùn ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, tó wá yà sí jíìmù láàárọ̀, kò sí lára àwọn 26 yẹn. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ Nàìjíríà ló sì ní jẹnotáìpù AS. Ìwádìí 2016 lórí nǹkan bí 48,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú rí i pé ewu kí iṣan bàjẹ́ látàrí iṣẹ́ agbára fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún AS. Àwọn yẹn kò wọ EMS; àfiwé ni mo fi ṣe.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ara ríro ni àwa ń kà sí ẹ̀rí pé ìdánrawò wọlé. Ẹni tí apá rẹ̀ wú á lọ ra ibuprofen ní kẹ́mísìtì, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, nígbà tí kíndìnrín ń bá ìdọ̀tí iṣan jà lọ́wọ́. Bí ìtọ̀ bá ti dúdú bíi Kóòkì, ilé ìwòsàn ló kàn. Nítorí náà, kí olùkọ́ jíìmù béèrè jẹnotáìpù àti iṣẹ́ òru àná kó tó tan iná, kó tan án níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì pe ẹni náà lórí fóònù ní ọjọ́ kẹta láti béèrè àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀.